Ibi Tí Ọwọ́ Ràdíyàtù Dé

Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn ọjà Treichville ní Abidjan kọjá láàárọ̀ nígbà náà kò ní ṣàì gbọ́ ìró ẹ̀rọ Alájì Àrìmíyàù. Yóò máa dún tà-tà-tà-tà bí òjò orí páànù, yóò dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni ń mí, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ lásán. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó fi òwú ya ọnà sára aṣọ: ọrùn agbádá, àyà bùbá, etí ìborùn ìyàwó. Kọ̀ǹpútà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń sọ ibi tí abẹ́rẹ́ yóò gún fún un, àti àwọ̀ òwú tí yóò mú.

Ọwọ́ ni Alájì fi kọ́ṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, kó tó tẹ̀lé àwọn oníṣòwò wá sí Abidjan nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Treichville ló ti rí Ràdíyàtù. Ọmọ Ànàgó lòun náà, bí àwọn ará Abidjan ṣe ń pe àwa Yorùbá, àmọ́ ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ilé ìwé Faransé ló lọ, ó sì mọ àwòrán yà débi pé ojú rẹ̀ kì í kan nǹkan lásán. Ó rí ewé, ó yà á. Ó rí ìrù ẹja nínú agbọ̀n ẹlẹ́ja, ó yà á. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lọ ẹnì kejì, Alájì ti ń fi òwú rán ohun tí Ràdíyàtù bá fi pẹ́ńsùlù yà. Nígbà tó yá, wọ́n fẹ́ra wọn.

Àlòkù ni wọ́n ra ẹ̀rọ náà, irú ọjà tó ti òkè òkun dé tí wọ́n ń pè ní “France au revoir” ní Abidjan. Alájì bẹ̀rù rẹ̀. Ràdíyàtù ni kò bẹ̀rù. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà tó bá a wá, kò dìde títí tó fi mọ bí wọ́n ṣe ń sọ àwòrán orí pépà di bátànì tí ẹ̀rọ lè rán. Láti ìgbà náà, òun ló ń yà, ẹ̀rọ ló ń rán, Alájì ló ń na aṣọ sórí férémù, tó ń já òwú, tó sì ń bá àwọn oníbàárà ṣàwàdà.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wọn, Jẹ̀mílà. Abẹ́ tábìlì kọ̀ǹpútà yẹn ló dàgbà sí. Tó bá ti ilé ìwé dé, yóò bọ́ bàtà, yóò jẹ àtìẹ́kẹ́ tó dà bíi gàárì, pẹ̀lú ẹja díndín, yóò na ẹsẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tútù kó tó ṣí ìwé rẹ̀. Lókè orí rẹ̀, yóò máa gbọ́ ìka ìyá rẹ̀ lórí bọ́tìnnì. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ tí ọmọ náà na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà, Ràdíyàtù yóò gbá ọwọ́ náà kúrò jẹ́jẹ́.

“Fi í sílẹ̀. Ó ń jẹun lọ́wọ́.”

“Kí ló ń jẹ, Maman?”

“Bátànì ni. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kéré. Tí mo bá da gbogbo rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan, yóò há a lọ́fun. Mo fún un ní òkèlè kan, ó gbé e mì, ó ní kí n fún òun ní òmíràn.”

Jẹ̀mílà yóò wá tẹ́tí. Lóòótọ́ ni ẹ̀rọ náà máa ń dákẹ́ díẹ̀, kó tó tún bẹ̀rẹ̀.

Ó lè jẹ́ pé abẹ́ tábìlì yẹn ni iṣẹ́ tó ń ṣe lónìí ti mú un. Jẹ̀mílà ti di ẹnjiníà. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Cocody ló wà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àwọn ẹ̀rọ tó ń wọn omi inú táńkì. Òun àti Olivier, ọmọ Côte d'Ivoire kan tí wọ́n jọ jáde ní yunifásítì, ló ń kọ àwọn ètò tó ń mú kí kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ gbọ́ èdè ara wọn. Marcory ló ń gbé. Ní gbogbo Sátidé, yóò wọ takisí lọ kí bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Ràdíyàtù kò sí níbẹ̀ mọ́. Àìsàn mú un, ó gbé e dé ilé ìwòsàn, kò sì padà wálé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà tó ń lò náà kú. Òjò ńlá kan ló rọ̀, iná lọ, ó padà dé tagbáratagbára, òórùn jíjó gba ṣọ́ọ̀bù, ojú kọ̀ǹpútà kò sì tàn mọ́. Alájì fi aṣọ funfun bò ó. Ìwọ̀nba ọnà tí wọ́n ti ṣe mọ́ ẹ̀rọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ṣẹ́kù tó fi ń ṣiṣẹ́: òdòdó kan, ìlà gbọọrọ, lẹ́tà orúkọ. Àwọn oníbàárà àtijọ́ á dé, wọ́n á wo ohun tó gbé kọ́, wọ́n á ní, “Alájì, ọnà Madame ńkọ́?” Yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní ara kọ̀ǹpútà kò yá.

Ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí òjò ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Jẹ̀mílà bá a tó jókòó láìtan ẹ̀rọ.

“Onílé ti sọ̀rọ̀,” ni Alájì wí. “Ó fẹ́ wó ilé yìí kó fi ilé gíga síbẹ̀. Kí òjò tó dá, ká ti kó jáde.”

“Bàbá, mo lè bá yín wá ṣọ́ọ̀bù mìíràn ní Marcory, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi.”

“Rárá, ọmọ mi. Mo fẹ́ lọ jókòó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lábọ̀dé, ọmọ Ọ̀yọ́ yẹn tó ń ránṣọ ní Adjamé, òun ni mo fẹ́ gbé ẹ̀rọ yìí fún. Ọwọ́ rẹ̀ dáa.” Ó wo aṣọ funfun tó wà lórí kọ̀ǹpútà. “Ohun kan ló kù. Bátànì tí ìyá rẹ yà gbẹ̀yìn wà nínú èyí. Ọrùn agbádá mi ni. Ó ní òun ni n ó wọ̀ lọ́jọ́ tí àwa méjèèjì bá ń re ilé. Mi ò rí i rí. Mo fẹ́ fojú kàn án lára aṣọ kí ẹ̀rọ tó jáde níbí.”

Jẹ̀mílà kò mọ̀ pé bátànì kankan wà. Ó wo bàbá rẹ̀, ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ wò,” ló wí.

Kọ̀ǹpútà náà ti jóná, àmọ́ iná kò dé ibi tí ó ń kó nǹkan pamọ́ sí. Ní Cocody, Jẹ̀mílà tú u jáde, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Orúkọ àwọn bátànì ìyá rẹ̀ jáde lójú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, bí ìyá náà ṣe kọ wọ́n ní Faransé tó dà pọ̀ mọ́ Yorùbá. Ewé kékeré. Poisson, ìyẹn ẹja. Ìyàwó Tabaski, ti ọdún Iléyá. Ọ̀kan wà tó ń jẹ́ “Jẹ̀mílà CEPE”. Ọnà tí wọ́n fi sára aṣọ rẹ̀ ni, lọ́dún tó yege ìdánwò ìparí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó rántí aṣọ náà. Ó rántí bí kọ́là rẹ̀ ṣe ń yún un lọ́rùn, tí ìyá rẹ̀ sì ń sọ pé kó fara dà á títí wọ́n á fi ya fọ́tò tán. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì, kò ṣiṣẹ́ kankan mọ́ ní ọ̀sán yẹn.

Èyí tó jẹ́ “Agbádá Alájì” ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ó tóbi ju gbogbo àwọn yòókù lọ.

Wàhálà tó kù ni pé kọ̀ǹpútà tuntun kò mọ ẹ̀rọ àtijọ́ náà rárá. Agbọ̀rọ̀sọ kan ló yẹ kó wà láàárín wọn, èyí tí àwọn ẹnjiníà Abidjan ń pè ní pílóòtì. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà kò ṣe pílóòtì fún un mọ́ láti ayébáyé.

“Pílóòtì?” ni Alájì bi í. “Tó ń wa bàálù?”

“Rárá, Bàbá. Ètò kan ni. Bí ẹ bá bá Fúlàní tà, tẹ́ ò gbédè ara yín, ẹ ò ní wá ẹni tó máa túmọ̀? Òun ni. Yóò gba bátànì lọ́wọ́ ètò tí Maman fi ń yàwòrán, yóò fi í sí àyè kan nínú ìrántí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ yóò sì máa mú un níbẹ̀.”

“Ta ni yóò wá ṣe é?”

“Èmi ni.”

Ó kọ ọ́. Ó ń kọ ọ́ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ó sì ń gbé e wá sí Treichville ní Sátidé láti dán an wò. Ní ibi iṣẹ́, Jẹ̀mílà kì í kánjú. Ohun tó bá kọ, yóò yẹ̀ ẹ́ wò, Olivier náà yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Àmọ́ ti èyí yàtọ̀. Òjò ti ń fẹ́ẹ́ dá, onílé ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì ń wù ú kó gbọ́ ìró yẹn.

Ó gbọ́ ọ. “Jẹ̀mílà CEPE” ló kọ́kọ́ rán. Ó na àkísà kan sórí férémù, ó tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ náà gbọ̀n, ó sì bẹ̀rẹ̀: tà-tà-tà-tà. Alájì wà lẹ́yìnkùlé, ó ń ṣe àlùwàlá ìrọ̀lẹ́. Ó sáré wọlé, omi ń kán ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ẹ̀rọ dúró, ó gbé àkísà náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra òdòdó kékeré tó wà lára rẹ̀.

“Ọwọ́ rẹ̀ nìyí,” ló wí. “Wo bó ṣe máa ń tẹ ewé rẹ̀ sápá òsì. Gbogbo ewé rẹ̀ ló ń tẹ̀ sápá òsì.”

Obìnrin Júlà kan, ẹ̀yà oníṣòwò ibẹ̀, tó ń ta ìborùn ní ṣọ́ọ̀bù kejì yọjú wọlé, ó pàtẹ́wọ́. “Alájì! Ẹ̀rọ Madame ti jí!”

Inú wọn dùn jù. Bóyá ìdí nìyẹn tí wọn ò fi dúró. Lójú ẹsẹ̀ ni Jẹ̀mílà na aṣọ àkísà ńlá sórí férémù, ó sì fi “Agbádá Alájì” ránṣẹ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Abẹ́rẹ́ ya ìlà kan tó rọra wé bí ìgbì omi. Lójijì, ó fò sí apá kejì. Ó ń gún ojú kan ṣoṣo, ó ń gún un, aṣọ ń ká jọ sábẹ́ rẹ̀, òwú ń ta kókó, férémù sì ń gbá ara ẹ̀rọ gbà, gbà. Jẹ̀mílà tẹ bọ́tìnnì. Kọ̀ǹpútà ti gan pa. Abẹ́rẹ́ kán, èérún rẹ̀ ta lu ògiri. Alájì fò dìde, ó fa wáyà iná yọ.

“C'est gâté,” ni obìnrin Júlà náà wí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti bàjẹ́.

Alájì kúnlẹ̀, ó fi irin òòfà ṣa èérún abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Kò bínú. Ìbá sàn kó bínú.

“Bóyá kò fẹ́ kí n wọ̀ ọ́ láìsí òun ni,” ló wí, kò sì gbójú sókè.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Jẹ̀mílà gbé ohun tó kọ síwájú Olivier. Olivier kà á, ó ń fi ìka tẹ̀lé ìlà kọ̀ọ̀kan lójú kọ̀ǹpútà. Nígbà tó yá, ìka rẹ̀ dúró.

“Àyè tí o yà sọ́tọ̀ fún bátànì nínú ìrántí, kékeré ni.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò lè mú púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan.”

“Ó dáa. Ta ló wá ń sọ fún ọ iye tí o máa dà síbẹ̀?”

“Ètò tó ń fi bátànì ránṣẹ́ ni.”

“O sì gbà á gbọ́?”

Jẹ̀mílà wo ìlà tí ìka rẹ̀ wà. Kò sí ibi kankan tó ti ní kí pílóòtì rẹ̀ wò ó bóyá ohun tó ń bọ̀ yóò gba inú àyè náà. Bátànì kékeré gbà á. Èyí tó tóbi kún un, ó ṣàn kọjá etí rẹ̀, ó sì bo ohun tí pílóòtì kọ pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, títí kan ìrántí ibi tó ti bá iṣẹ́ dé. Láti ìgbà náà, ìsọkúsọ ló ń sọ fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì ń ṣe ohun tí wọ́n wí.

“Kò tán síbẹ̀,” ni Olivier wí. “Wo ibí. O na ọwọ́ tààrà sínú ìrántí ètò yẹn, o ń kó nǹkan jáde láìbéèrè. Tó bá fún ọ ní àdírẹ́sì tí kì í ṣe tirẹ̀ ńkọ́? Tí ohun tó ní kò bá tó iye tó pè? Jẹ́ kí ọ̀gá inú kọ̀ǹpútà, ètò tó ń ṣàkóso gbogbo yòókù, bá ọ dà á kọ. Òun mọ ààlà oníkálukú. Tó bá dé ibi tí kò sí nǹkan mọ́, yóò dúró, yóò sọ iye tó kù tí òun ò rí dà kọ. Ìwọ lo kọ́ àwọn tuntun nílé iṣẹ́ yìí ní gbogbo èyí, Jẹ̀mílà! Kódà kó jẹ́ ìyá rẹ ló ni ètò náà, o ò gbọ́dọ̀ gbà á gbọ́ láìwò ó.”

Olivier gbójú sókè, ó wo ojú Jẹ̀mílà, ó wá wo orúkọ bátànì tó wà lójú kọ̀ǹpútà.

“Ìyá rẹ ló ni ín,” ló wí.

“Ìyá mi ló ni ín.”

“Yako,” ni Olivier wí, ọ̀rọ̀ tí gbogbo Abidjan fi ń bá ara wọn kẹ́dùn. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ tirẹ̀. “Jọ̀wọ́, má bínú. Jẹ́ ká jọ tún un ṣe.”

Wọ́n jọ tún un ṣe. Ní báyìí, bí bátànì bá dé, pílóòtì yóò kọ́kọ́ wò ó pẹ̀lú àyè tó wà. Tó bá tóbi jù, yóò mú ìwọ̀n tí àyè náà lè gbà, yóò ní kí ọ̀gá inú kọ̀ǹpútà dà á kọ síbẹ̀ lọ́nà tí kò léwu, yóò sì dúró kí ẹ̀rọ mú un tán kó tó gba òmíràn. Bí Jẹ̀mílà ṣe ń kọ ìlà tó ní kó dúró, ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lókè orí rẹ̀ bí ìgbà tó wà lábẹ́ tábìlì, pé kó jẹ́ kó gbé ti ẹnu rẹ̀ mì ná. Kò sọ fún Olivier.

Nígbà tó padà dé Treichville, Alájì ti na aṣọ sórí férémù. Kì í ṣe àkísà. Bazin aláwọ̀ ojú ọ̀run ni, èyí tó ń dán, tó sì le bíi pépà.

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dán an wò lára nǹkan mìíràn.”

“Ṣé o ti tún un ṣe?”

“Mo ti tún un ṣe.”

“Aṣọ yìí, ìyá rẹ ló rà á. Mi ò ní í tún ọjọ́ mìíràn dá mọ́. Tẹ̀ ẹ́.”

Jẹ̀mílà fi ọwọ́ kan di wáyà iná mú, ó fi èkejì tẹ̀ ẹ́.

Tà-tà-tà-tà. Ó dákẹ́. Tà-tà-tà-tà. Ìgbì omi jáde lápá ọ̀tún ọrùn, lẹ́yìn náà ewé gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ òṣíbàtà tó ń léfòó lójú ọ̀sà, lẹ́yìn náà òdòdó rẹ̀. Alájì ń pààrọ̀ òwú bí ẹ̀rọ ṣe ń bèèrè rẹ̀, kò sì ṣe àṣìṣe kankan. Ọkọ̀ ojú omi jáde, èyí tó ń gbé èrò láti Treichville lọ sí Plateau, ó kéré bí èékánná. Ọnà náà gòkè, ó yí ẹ̀yìn ọrùn ká, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ lápá òsì. Níbẹ̀, omi ti tán. Ẹ̀ka igi ló wà níbẹ̀ báyìí, àti ewé tó gùn tó sì tinrín.

“Máńgòrò,” ni Alájì wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Ó ya Ògbómọ̀ṣọ́ sápá òsì. Ó fi Abidjan sọ́tùn-ún, ó ya ilé sósì.”

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán ni ẹ̀rọ dúró. Abẹ́rẹ́ wà lókè, ó dúró jẹ́jẹ́. Òwú kò já, aṣọ kò ká. Ewé kan wà tó ní ìlà ìdajì kan, kò ní èkejì.

“Ó tún ti bàjẹ́?”

“Kò bàjẹ́, Bàbá. Ẹ fún mi ní àkókò díẹ̀.”

Pílóòtì ti kọ ohun tó rí sójú kọ̀ǹpútà: ó ti dà á kọ dé ibi báyìí, ìyókù kò ṣeé dà kọ, kò sí nǹkan níbẹ̀. Jẹ̀mílà ṣí bátànì náà fúnra rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ bátànì náà pe iye gbogbo ọnà náà láti òpin kan dé èkejì, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó yà á ti wọ̀n ọ́n nígbà tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì kó lè dá a lójú. Kì í ṣe pé iná jó apá kan. Wọn ò fi nǹkan kan síbẹ̀ rí ni.

Ó kọ́kọ́ fẹ́ parọ́. Ó fẹ́ sọ pé kọ̀ǹpútà ló ba ìyókù jẹ́. Alájì ti jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo ojú rẹ̀.

“Bàbá,” ló wí, “ó tán níbẹ̀. Maman kò yà á parí.”

“Ó yà á parí.”

“Kò yà á parí. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé nìyẹn.”

“Èmi fúnra mi ló sọ fún!” Ohùn Alájì ròkè. “Ní ilé ìwòsàn. Mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo ní, ‘Ràdíyàtù, tètè dìde, wá bá mi parí agbádá mi.’ Ó ní, ‘Ó ti parí, Alájì. Ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ fọkàn yín balẹ̀.’ Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Mo lọ sílé, mo sùn dáadáa lọ́jọ́ náà.”

Àwọn méjèèjì wo ewé ìlàjì náà. Lẹ́yìn náà ni èjìká Alájì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Jẹ̀mílà rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, omi náà kò sì dúró nígbà tí ẹ̀rín dúró.

“O rí mi mú,” ló ń wí, kì í ṣe Jẹ̀mílà ló ń bá sọ̀rọ̀. “O ní kí n lè sùn. Obìnrin yìí, o rí mi mú.”

Jẹ̀mílà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi pa ẹ̀rọ.

Nígbà tí Alájì nu ojú tán, Jẹ̀mílà ní òun lè fi kọ̀ǹpútà parí rẹ̀. Ó lè mú ewé tí ìyá rẹ̀ ti yà lápá kan, kó tún un lò lápá kejì, ojú kò ní í mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Alájì mi orí.

“Ràdíyàtù kò fi bẹ́ẹ̀ mọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ìgbà tí mo mú un lọ kí àwọn ẹbí, òjò ni, kò jáde nínú ilé. Ohun tí mo ń sọ fún un ló ń yà.” Ó rọra bọ́ aṣọ náà kúrò lórí férémù. “Bá mi wá abẹ́rẹ́ ọwọ́. Àwọn tín-ín-rín.”

Láti ìgbà náà títí òjò fi dá, ibi tí ènìyàn ti máa bá Alájì ni orí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù, bazin náà lórí itan rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ le, ó ń tú ohun tó rán, ó ń tún un rán. Nígbà tó yá, ìka rẹ̀ rántí. Ní Sátidé, Jẹ̀mílà á jókòó tì í, á máa ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ fún un. Alájì á máa sọ̀rọ̀ bó ṣe ń rán: bí Ràdíyàtù ṣe máa ń bá ẹlẹ́ja jà lórí iye owó kó lè ráàyè wo ìrù ẹja pẹ́, bó ṣe kọ̀ láti fẹ́ ẹ títí ó fi rán òdòdó kan tó yà bó ṣe yà á gan-an, láìdín ewé kan. Jẹ̀mílà kò gbọ́ ọ̀kankan nínú wọn rí. Àwọn oníbàárà àtijọ́ tó ń kọjá á dúró, wọ́n á tẹ̀ síwájú wò ó. “Ọnà Madame!” Alájì á ní, “Ti Madame dé ibí. Láti ibí lọ, tèmi ni.” Yóò sì fi ìka hàn wọ́n.

Kò gbìyànjú kó fara jọ ti ẹ̀rọ. Òwú tirẹ̀ nípọn díẹ̀, ewé tirẹ̀ ń tẹ̀ sápá ọ̀tún. Ó rán igi máńgòrò dé ìdí rẹ̀, ó rán òkúta tí wọ́n máa ń jókòó lé lábẹ́ rẹ̀ nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, ó sì so ìdí òwú ní kókó.

Lábọ̀dé gbé ọkọ̀ wá láti Adjamé kó ẹ̀rọ náà. Ọkùnrin onírẹ̀lẹ̀ ni, kò fọwọ́ kan nǹkan kan títí Jẹ̀mílà fi fi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn án. Ó fún un ní gbogbo bátànì ìyá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé orí ti agbádá, ó wo bàbá rẹ̀.

“Fún un,” ni Alájì wí. “Tó bá dé ibi tó dúró sí, kó bi ẹni tó ni aṣọ pé ibo nilé rẹ̀, kó rán ìyẹn sí i.”

Alájì Àrìmíyàù fi agbádá náà wọ bọ́ọ̀sì ní àárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ. Jẹ̀mílà ní kó bọ́ ọ, pé yóò rún kó tó kọjá ẹnubodè Ghana. Kò gbà. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe, ó ń juwọ́ títí ọkọ̀ fi yà.

Nígbà tó dé Ògbómọ̀ṣọ́, ó pe Jẹ̀mílà lórí fóònù. Ariwo pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ẹbí ń kí i káàbọ̀. Mùsílímátù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ti darúgbó, ló ń fi ọwọ́ pa ọrùn agbádá náà, Jẹ̀mílà sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ kedere.

“Àrìmíyàù, òdòdó wo rèé? A ò ní irú èyí níbí.”

“Ojú ọ̀sà ló ń hù sí,” ni Alájì dáhùn. “Ní Treichville. Ràdíyàtù máa ń mú mi lọ sétí omi nírọ̀lẹ́ lọ wò ó. Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín.”

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó gbàgbé láti pa á. Jẹ̀mílà fi tirẹ̀ sí etí, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní Marcory, ó sì ń gbọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń sọ fún gbogbo ilé nípa omi náà, àti obìnrin tó mú un lọ síbẹ̀.